Ohun Tó Pa Ata Màmá Létí Ọ̀sà

Mo ti ṣe ìlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo nínú àká ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ti fẹ́ di ìjà. Kòkòrò inú àká lè dúró dè wá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí aládùúgbò méjì bá ti pe ara wọn lẹ́jọ́ tán, àárín wọn kì í tún gún mọ́. Àwọn àgbà ti wí fún wa pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátì ló ni lẹ́tà náà. Ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀sà, lápá Àgbádárìgì. Olùkọ́ kan tó ń gbé nínú ilé rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Ohun tó wí nìyí:

"Bàbá, owó èsúsú tí mo kó ni mo fi gba ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀sà, òun náà ni mo fi gbẹ́ kànga, tí mo sì fi ra èéhù ata. Nígbà òjò, ata náà so dáadáa. Mo tà á, mo fi èrè rẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá tún gbìn ín lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí ata bá wọ́n lọ́jà, n óò rí owó ìdánwò àṣekágbá ọmọ náà san. Oṣù Kejìlá ni mo gbìn ín. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kìíní, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni pé a fi iná rà á. Ewé ìsàlẹ̀ ń rẹ̀ dànù, òdòdó ń já bọ́. Bẹ́ẹ̀ omi kò wọ́n ọn. Ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, tẹ̀tẹ̀ tirẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Èmi àti òun sì ti ní gbólóhùn asọ̀ lórí ààlà rí. Àwọn ènìyàn ní kí n lọ fi í sùn lọ́dọ̀ baálẹ̀, pé ó ti da nǹkan sínú kànga mi. Ṣé kí n lọ? Mo sì ní aṣọ òfì kan tí mo lè tà láti fi ra èéhù mìíràn. Ṣé kí n tà á?"

Nígbà tí olùkọ́ náà kọ ti ìyá tán, ó fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un nísàlẹ̀. Ó ní àgbàdo tí àwọn gbìn sí oko ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ya á, ó rí bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká tán. Kí ló fà á?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá màmá lóhùn. Màmá, ẹ má lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Ẹ má sì ta aṣọ òfì yín. Gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ fún mi, ti iyọ̀ ni. Iyọ̀ ló pa ata yín, kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ óò bi mí pé, "Iyọ̀ báwo? Ta ló bu iyọ̀ sí oko mi?" Ẹ gbọ́ bó ti rí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ ewúro, ẹ máa ń bu iyọ̀ sí i, ẹ ó sì fi ọwọ́ bó o. Kí ni ẹ máa ń rí? Omi inú ewé náà ni yóò máa tú jáde. Ẹni tó ń ta ẹja náà mọ̀ ọ́n: bí ó bá fi iyọ̀ pa ẹja tútù, kò pẹ́ tí omi yóò fi kún ìsàlẹ̀ abọ́. Iyọ̀ ló ń fa omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló ń ṣe nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò ata fẹ́ fa omi mu, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ di omi náà mú, kò fẹ́ kí ó lọ. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò yóò ti jà tó kó tó rí ìwọ̀nba omi díẹ̀ mu. Ata náà dúró sínú omi, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí iyọ̀ àti ọ̀dá fi jọ ara wọn bí ìbejì. Aburú kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe fún ohun ọ̀gbìn, wọ́n ń fi omi dù ú.

Iyọ̀ tún wá ní ìkà kejì tí ọ̀dá kò ní. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa bá omi wọ inú igi ata lọ, yóò gun òkè títí dé ewé. Nígbà tí oòrùn bá fa omi jáde lára ewé, iyọ̀ kò lè bá omi lọ. Etí ewé ni yóò kóra jọ sí. Nítorí náà ni etí ewé fi ń jó, tó sì jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀, tó ti pẹ́ jù, ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan da májèlé sínú omi ni, kì í sábà rọra ṣe é létí létí báyìí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ tún lè bi mí pé, kànga kan náà ni ẹ lò nígbà òjò, kí ló dé tí kò pa ata nígbà náà? Nígbà òjò, omi odò ń ya wọ inú ọ̀sà, ó ń ti omi òkun sẹ́yìn. Òjò fúnra rẹ̀ sì ń fọ ilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò yóò fà, omi òkun yóò wá ráyè wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ inú ọ̀sà yóò sì pọ̀ sí i. Bí kànga bá wà lẹ́bàá irú omi bẹ́ẹ̀, tí a sì ń pọn ọ́n láàárọ̀ lálẹ́, omi oníyọ̀ náà yóò gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ wá ń pọn ọ́n, ẹ ń wọ́n ọn sórí ata. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń fa omi lọ, ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ fi sílẹ̀ lánàá, tòní bá a níbẹ̀. Màmá, ìfẹ́ tí ẹ ní sí ata yín gan-an ni ẹ fi ń bu iyọ̀ sí i.

Tẹ̀tẹ̀ aládùúgbò yín wá ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, òótọ́ ni wọ́n wí. Gbogbo ohun ọ̀gbìn kọ́ ni ara rẹ̀ gba iyọ̀ bákan náà. Ní 1977, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Maas àti Hoffman, to àwọn ohun ọ̀gbìn lẹ́sẹẹsẹ bí agbára wọn ti tó. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn iyọ̀, omi òkun fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 50. Àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà bí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá ti kọjá 1.2. Ata ń jìyà bó bá ti kọjá 1.5, àgbàdo 1.7, tòmátì 2.5. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà wa yìí lè dúró títí dé nǹkan bí 4.9, òwú sì lè dé 7.7. Ní ti ata, fún ẹyọ 1 kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 1.5, ó ń pàdánù nǹkan bí 14 nínú 100 èso rẹ̀. Bí iyọ̀ bá fi dé 5, bí ìdajì èrè ọjà yín ló ti lọ yẹn. Tẹ̀tẹ̀ ní ìfaradà ju ata lọ, igi àgbọn sì ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹ wo bí àgbọn ti pọ̀ tó létí òkun yín, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ lù ú tọ̀sán tòru. Ọkùnrin yẹn kò ṣe nǹkankan ju pé ó gbin ohun tí ilẹ̀ náà gbà.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ní ọdún kan, mo da ajílẹ̀ inú àpò sí ìdí àgbàdo mi gan-an, òjò kò sì rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àgbàdo náà jó. Mo gba ọjà lọ, mo bú ọkùnrin tó ta irúgbìn fún mi níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé iyọ̀ ni ajílẹ̀ inú àpò, pé èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi jó oko mi. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá, ojú ń tì mí. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín.

Kí ẹ má baà wí pé mo ń gbèjà ẹni tí n kò mọ̀ rí, ẹ dán ọ̀rọ̀ mi wò. Ẹ mú ìkòkò tó mọ́ tónítóní, ẹ wọn omi kànga náà lítà 1 sí i, ẹ sè é títí omi náà yóò fi gbẹ tán. Ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò mìíràn. Bí ohun funfun tó kù nínú ìkòkò omi kànga bá tó ìdajì ṣíbí tíì, omi náà kò yẹ fún ata. Ẹ má tọ́ ọ wò o, nítorí ẹ̀yin fúnra yín ní ẹ ń fura májèlé.

Kí olùkọ́ wa wá ṣe ìkejì níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kí ó bu ilẹ̀ rere láti ibi tó jìnnà sí ọ̀sà sínú agolo mẹ́fà tí a lu ihò sí ìdí wọn. Kí ó gbin èéhù ata kọ̀ọ̀kan sí wọn. Kí ó máa fi omi ẹ̀rọ rin méjì, omi kànga màmá rin méjì, kí ó sì fi omi kànga aládùúgbò rin méjì tó kù. Ẹ pe ọkùnrin náà kí ó wá wò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ata yóò fúnra rẹ̀ jẹ́rìí.

Wàyí o, bí a bá ti mọ̀ pé iyọ̀ ni, kí ni ṣíṣe?

Èkíní, ẹ dá omi kànga yẹn dúró lórí ata. Kò sí oògùn inú ìgò tó lè jẹ iyọ̀ tán nínú ilẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ta irú rẹ̀ fún yín, ẹ má dá a lóhùn. Omi tó mọ́ nìkan ló ń fọ iyọ̀ lọ, iyọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà jáde. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ la poro jíjìn láàárín àwọn ebè, kí ó dà sí ibi tó rẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá bíi mélòó kan ti lu ilẹ̀ náà dáadáa kí ẹ tó gbin ata padà.

Èkejì, ẹ má gbin nǹkan sí orí ṣóńṣó ebè. Bí omi ti ń gun òkè nínú ebè tí oòrùn sì ń fà á lọ, orí ṣóńṣó yẹn ni iyọ̀ ń kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sí. Ẹgbẹ́ ebè ni kí ẹ gbìn ín sí, níbi tí iyọ̀ ti dín kù. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí eérú lórí ebè lọ́jọ́ tí oòrùn mú, òun gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé bo ilẹ̀. Ilẹ̀ tó bo aṣọ kò jẹ́ kí oòrùn fa omi rẹ̀ lọ, iyọ̀ kò sì ní rí ọ̀nà gòkè kánkán. Ìdí igi ni kí ẹ máa da omi sí, ẹ má dà á sórí ewé. Omi tó pọ̀ tó wọ ilẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan sàn ju wínní-wínní tí ẹ ń wọ́n lárààárọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ táútáú kí ẹ tó tún un dà, nítorí bí omi ti ń dín kù ni iyọ̀ tó kù ń le sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún ajílẹ̀ inú àpò, eérú àti ìgbẹ́ adìẹ tútù. Gbogbo wọn ló ní iyọ̀ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ jẹrà dáadáa pọ̀ mọ́ koríko kí ẹ tó kó o sóko. Ohun tó ti jẹrà tán dára púpọ̀. Ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ di omi mú, kí ó sì rọ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má kó èéhù láti abẹ́ ìbòji lọ sóko lójijì. Ní bíi ọjọ́ méje kí ẹ tó lọ gbìn ín, ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn máa bà á. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó mọ ebi rárá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ebi yóò fi mú un balẹ̀.

Owó ìdánwò wá ńkọ́? N kò gbàgbé rẹ̀, màmá. Ata tó ti jó kò lè san án mọ́, aṣọ òfì tí ẹ bá sì fi ra èéhù mìíràn sórí iyọ̀ kan náà yóò bá ata lọ. Ẹ fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí apá kan ilẹ̀ náà, kí ẹ gbin ẹ̀wà sí apá kejì. Láti ìgbà tí ẹ bá gbìn ín títí di ìgbà tó bá ta ewé dáadáa, ẹ bá a wá omi tó mọ́, nítorí ìgbà ọmọdé ni ara rẹ̀ kò gba ìyà. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, tẹ̀tẹ̀ ti délé ọjà. Owó rẹ̀ kò tó ti ata ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n owó ni. Èyí tó bá kù lára owó ìdánwò, ẹ lọ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ èsúsú yín sọ ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ kó ṣáájú.

Mo kàn sí olùkọ́ wa. Ọ̀gá, oṣù Kẹfà tí ẹ gbin àgbàdo ló fa ọ̀ràn. Àgbàdo a máa yọ irùkẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ẹ óò bá a ní ìparí oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi lápá etí òkun wa. Ìyẹ̀fun orí irùkẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bọ́ sórí irun àgbàdo kí ọmọ tó lè wà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ àgbàdo ní àkókò yẹn, irun rẹ̀ kì í tètè yọ. Nígbà tó bá fi máa yọ, ìyẹ̀fun ti tán. Igi yóò ga, ewé yóò pọ̀, ṣùgbọ́n eyín kò ní pé. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, kí ẹ sì rẹ irúgbìn tí a kò fi oògùn pa sínú omi tó mọ́ fún òru kan, bí wákàtí 12 sí 18. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Yóò tètè hù, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì ti jìn kí ọ̀dá tó dé.

Ẹ sì bèèrè irúgbìn tó ń fara da ọ̀dá. Ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ CIMMYT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní 2007 lórí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Irúgbìn náà kì í ṣe idán o. Bí òjò kò bá rọ̀ rárá, kò ní so. Ohun tí ó ń ṣe ni pé nígbà tí tàwọn mìíràn bá sọ eyín nù, tirẹ̀ yóò ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀.

Ẹ sọ ìtàn Yacouba Sawadogo fún àwọn ọmọ yín pẹ̀lú. Ọmọ Burkina Faso ni. Ní nǹkan bí 1980, nígbà tí ọ̀dá ti sọ ilẹ̀ wọn di àpáta, ó ń gbẹ́ kòtò kéékèèké nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń kó ìgbẹ́ ẹran sínú wọn, kí òjò àkọ́kọ́ lè rí ibi dúró sí. Wọ́n ń pè é ní wèrè. Ṣùgbọ́n ọkà so, igi hù, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, ó sì kú ní 2023. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ líle ni kòtò yẹn wà fún. Màmá, ẹ má gbẹ́ ẹ létí ọ̀sà, omi oníyọ̀ ni yóò kún inú rẹ̀.

Ti yín jọ ti àwọn ará Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà jù. Létí òkun níbẹ̀, wọ́n ní ìrẹsì kan tí wọ́n ń pè ní Pokkali, tí ó ń fara da iyọ̀. Síbẹ̀, bí ó ti lágbára tó, ìgbà tí òjò bá ti fọ iyọ̀ lọ ni wọ́n ń gbìn ín. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iyọ̀ padà, wọn kì í bá a jà. Edé ni wọ́n ń sìn nínú pápá kan náà. Ẹ gbin ata yín lójò, kí ẹ fi ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ fún tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà.

N kò wí pé gbogbo ọ̀ràn iyọ̀ ni ọkọ́ àti koríko lè yanjú. Ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ilé, ó ti gba ọ̀nà. Irú èyí, iṣẹ́ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ti ata màmá ṣì wà ní agbára wa.

Nítorí náà, màmá, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ dìde lọ kí aládùúgbò yín. Ẹ má sọ fún un pé ẹ fura sí i. Ẹ kàn sọ pé ẹ wá tọrọ irúgbìn tẹ̀tẹ̀, àti garawa omi kan láti inú kànga rẹ̀ fún agolo olùkọ́. Bí ó bá fún yín, ẹ ti jèrè ohun tí ata kò lè rà. Bí agolo bá sì ti jẹ́rìí tán, kí olùkọ́ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ bó ti rí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kòkòrò inú àká. Mi ò ní yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó dàbọ̀ o.